ILÉ YÍ PADÀ, ORÚKỌ KÒ YÍ PADÀ: ÌTÀN ÌṢÍPÒPADÀ ÀDÍRẸ́SÌ LÓRÍ AYÉLUJÁRA

Ìfáárà

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ ìtàn ni, ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí sì ni pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Ìkànnì kan tí a ti ń lò lójoojúmọ́ yóò di àwátì lójijì. A óò tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì ní òun kò rí i. A óò pe ọ̀rẹ́ wa ní ìlú mìíràn, òun yóò ní kedere ni òun ń rí i. A óò pe oníkànnì, òun náà yóò ní kò sí ohun tí ó ṣe é, pé ńṣe ni àwọn kó o lọ sínú sáfà tuntun lánàá. (Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí a fi ìkànnì pamọ́ sí, tí ó sì ń gbé e fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bèèrè.) Ta ni ó ń parọ́ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Kò sí ẹni tí ó ń parọ́. Olúkúlùkù ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Báwo ni òtítọ́ mẹ́ta ṣe lè wà lórí ọ̀rọ̀ kan? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi ìtàn dáhùn.

Nǹkan méjì ni kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀: orúkọ àti ibùgbé. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837, tí Àtìbà sì tẹ ìjọba dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, orúkọ Ọ̀yọ́ bá ọba lọ síbẹ̀. Orúkọ kò yí padà, ilé ni ó yí padà. Àlejò tí ó bá dìde láti ọ̀nà jíjìn nígbà náà, tí kò tíì gbọ́ pé ìlú ti ṣí, ahoro ni yóò bá. Orúkọ tí ó mọ̀ kò ṣìnà, ọ̀nà tí ó mọ̀ ni ó ti di ọ̀nà àná. Bákan náà ni ó rí lórí ayélujára. Orúkọ ni àwa ènìyàn ń tẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni àwọn ẹ̀rọ fi ń rí ara wọn. Nọ́ńbà yìí ni à ń pè ní àdírẹ́sì. Bí oníkànnì bá kó lọ sínú sáfà mìíràn, àdírẹ́sì yóò yí padà, orúkọ yóò sì dúró bí ó ti wà.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ìṣòro tí ó ń tẹ̀ lé ìṣípòpadà àdírẹ́sì kì í wá láti inú ṣíṣí fúnra rẹ̀. Inú ìrántí àwọn tí ó mọ ilé àtijọ́ ni ó ti ń wá. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣí ni ó jẹ àlejò ní gbèsè ọ̀nà, kì í ṣe àlejò ni ó jẹ onílé.

1. Ìwé Kan Ṣoṣo ní Menlo Park

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1969 ni a fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì lórí ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ìjọba Amẹ́ríkà náwó lé lórí, tí ó sì jẹ́ baba ńlá fún ayélujára òde òní. Ọ̀rọ̀ náà gbéra ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Los Angeles, ó sì gúnlẹ̀ sí Stanford Research Institute ní Menlo Park. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, ibùdó mẹ́rin péré ni ó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Bí ilé bá jẹ́ mẹ́rin ní àdúgbò, ta ni yóò wá ẹni tí yóò júwe ọ̀nà fún un?

Ṣùgbọ́n àdúgbò náà gbòòrò. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ń kọ ìwé orúkọ tirẹ̀, ó ń to orúkọ àwọn ẹ̀rọ yòókù àti nọ́ńbà wọn sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ìwé wọ̀nyí fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ko ara wọn. Ohun tí ibùdó kan kọ lọ́nà kan, ibùdó kejì kọ ọ́ lọ́nà mìíràn; ẹ̀rọ tí ó ti kúrò níbì kan ṣì wà nínú ìwé ẹlòmíràn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1973, Peter Deutsch kọ àkọsílẹ̀ kan tí ó fi bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí, pé kò bọ́gbọ́n mu kí olúkúlùkù máa tọ́jú ìwé tí ó ti gbó nígbà tí a lè ní ẹyọ kan tí ó pé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1974, àkọsílẹ̀ mìíràn jáde tí ó gbé iṣẹ́ náà lé Ibùdó Ìròyìn Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Menlo Park lọ́wọ́. Elizabeth Feinler, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Jake, ni ó jẹ́ olórí ibùdó náà. HOSTS.TXT ni a wá mọ ìwé orúkọ náà sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Bí ibùdó kan bá yí àdírẹ́sì ẹ̀rọ rẹ̀ padà, yóò ránṣẹ́ sí Menlo Park. Àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ yóò pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́, wọn yóò kọ tuntun sípò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò wá da ìwé náà kọ fún ara rẹ̀. Òtítọ́ wà lójú kan, gbogbo ayé sì mọ ibi tí ó wà. Abéèrè kì í ṣìnà.

Síbẹ̀, àléébù méjì wà nínú ètò náà. Èkíní ni pé Menlo Park kò lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni láti wá da ìwé kọ. Ẹni tí ó da tirẹ̀ kọ ní oṣù tí ó kọjá yóò máa lọ sí ilé oṣù tí ó kọjá. Èkejì ni ìṣirò tí kò gba àánú: bí iye ẹ̀rọ bá di ìlọ́po méjì, ìwé yóò gùn ní ìlọ́po méjì, àwọn tí ó ń dà á kọ yóò sì di ìlọ́po méjì pẹ̀lú, nítorí náà ẹrù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń rù nítorí ìwé náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tí ó rọrùn nígbà tí ẹ̀rọ jẹ́ ọgọ́rùn-ún di àjàgà nígbà tí wọ́n di ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

2. Nígbà tí Àwọn Ilé Gba Nọ́ńbà Tuntun

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1983, ARPANET pa òfin ìbánisọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ̀ tì, ó sì gba èyí tí à ń lò títí di òní, tí a ń pè ní TCP/IP. Jon Postel ti kọ ètò ìyípadà náà sílẹ̀ láti oṣù Kọkànlá ọdún 1981, kí olúkúlùkù lè ní ọdún kan gbáko láti múra. Bí a ti ṣe èyí, àdírẹ́sì àwọn ẹ̀rọ yí padà.

Síbẹ̀ náà, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ti ṣe tán nígbà tí ọjọ́ pé. Àwọn kan gba ààyè láti máa lo òfin àtijọ́ fún oṣù díẹ̀ sí i. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀ ni pé, nínú àdúgbò kékeré tí àwọn alábòójútó rẹ̀ mọ ara wọn, tí ìkìlọ̀ sì ti jáde ní ọdún kan ṣáájú, apẹ̀yìndà ṣì wà. Kí ni a wá lè retí nínú ayé tí ẹnì kan kò mọ ẹnì kejì?

3. Ìbéèrè Rọ́pò Ìwé, Ìrántí sì Gba Gbèdéke

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1983, Paul Mockapetris, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Information Sciences Institute ti Yunifásítì Gúúsù Kalifọ́níà, gbé ìwé méjì jáde tí ó fi ètò tuntun lélẹ̀. Postel ni ó gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Ètò yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní DNS. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé kí a má ṣe kó gbogbo orúkọ sínú ìwé kan mọ́. Kí olúkúlùkù onílé máa tọ́jú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nínú ilé rẹ̀, kí àlejò sì máa bèèrè títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Báyìí ni ìbéèrè náà ṣe ń rìn. Bí ènìyàn bá fẹ́ lọ sí ìkànnì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .ng, àmì Nàìjíríà, èyí tí ó wọ inú ìwé gbòǹgbò ní ọdún 1995, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í fúnra rẹ̀ lọ bèèrè. Yóò rán ẹ̀rọ kan níṣẹ́, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí ó ta ayélujára fún un. Ẹ jẹ́ kí a pe ẹ̀rọ yìí ní abánibéèrè. Abánibéèrè yóò kọ́kọ́ lọ bá ẹ̀rọ gbòǹgbò. Gbòǹgbò yóò ní, “Èmi kò mọ ilé náà, ṣùgbọ́n lọ bá àwọn tí ó ń tọ́jú .ng.” Àwọn wọ̀nyẹn yóò ní, “Ọ̀dọ̀ ẹni báyìí ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà.” Ibẹ̀ ni abánibéèrè yóò ti gba nọ́ńbà, tí yóò sì mú un padà wá.

Bí a bá ní kí abánibéèrè máa rin ìrìn yìí nígbà gbogbo tí ẹnikẹ́ni bá tẹ orúkọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé e. Nítorí náà ni ètò náà ṣe fún un ní àpò ìrántí. Ohun tí ó bá ti bèèrè lẹ́ẹ̀kan, yóò fi pamọ́, yóò sì máa fi dá àwọn mìíràn lóhùn. Ṣùgbọ́n ìrántí tí kò ní òpin a máa di irọ́. Ibi yìí ni ọgbọ́n ńlá inú iṣẹ́ Mockapetris wà. Onílé fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ mọ́ nọ́ńbà rẹ̀ pé, “O lè gba èyí gbọ́ fún ìwọ̀n àkókò báyìí, bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, gbàgbé rẹ̀, kí o sì tún wá bi mí.” Èyí ni mo pè ní gbèdéke ìrántí, TTL ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ìṣẹ́jú àáyá ni a fi ń kà á: 300 jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, 3600 jẹ́ wákàtí kan, 86400 jẹ́ ọjọ́ kan gbáko.

A lè wá dáhùn ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé gbèdéke ìkànnì kan jẹ́ ọjọ́ kan, àdírẹ́sì rẹ̀ sì yí padà ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Abánibéèrè tí ó bèèrè ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ajé yóò gbàgbé ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, yóò sì rí ilé tuntun. Èyí tí ó bèèrè ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wákàtí kan péré kí onílé tó kó, yóò máa lọ sí ilé àtijọ́ títí di agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Rú. Èyí tí kò bèèrè rí yóò dé ilé tuntun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òtítọ́ mẹ́ta nìyẹn lórí ọ̀rọ̀ kan.

Àwọn oníṣẹ́ máa ń sọ fún oníbàárà wọn pé kí ó ní sùúrù, nítorí pé ìyípadà náà “ń tàn kálẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà ṣi ni lọ́nà. Kò sí ohun tí ń tàn kálẹ̀. Kò sí akéde tí ń lu agogo kiri ìlú. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìrántí àtijọ́ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò mọ̀ pé àkókò tí ó yẹ kí a ṣiṣẹ́ lórí ìrántí ni kí a tó kó ilé, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá kó o tán.

Èyí kì í ṣe àwárí tuntun. Nínú àtúnṣe ńlá tí Mockapetris gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1987, ó kọ ọ́ pé bí ènìyàn bá mọ̀ pé àyípadà ń bọ̀, kí ó dín gbèdéke kù ṣáájú, kí ó sì gbé e padà sókè nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Ìmọ̀ràn náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń rántí rẹ̀ kí ilé tó jó.

Ìrántí mìíràn tún wà tí a kì í fura sí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1998, Mark Andrews gbé òfin jáde lórí bí a ó ṣe máa rántí ohun tí kò sí. Bí ẹnì kan bá kánjú bèèrè orúkọ kan kí onílé tó kọ ọ́ sílẹ̀, “kò sí” ni ìdáhùn tí yóò gbà, abánibéèrè yóò sì fi “kò sí” náà pamọ́ fún ìgbà kan. Nígbà tí orúkọ bá wá wà ní tòótọ́, ẹni tí ó kánjú ni yóò rí i kẹ́yìn.

Àwọn ìrántí kan sì wà tí kò bọ̀wọ̀ fún gbèdéke rárá. Fún ìgbà pípẹ́, bí a bá fi èdè ẹ̀rọ tí ń jẹ́ Java kọ iṣẹ́ kan, àdírẹ́sì tí iṣẹ́ náà bá ti mọ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í kúrò nínú rẹ̀ àfi bí a bá pa á kí a tó tún un tàn. Ìbẹ̀rù àwọn ẹlẹ́tàn ni ó fa èyí, kí ọ̀tá má baà yí àdírẹ́sì padà lójijì láti fi jí nǹkan. Ohun tí a ṣe fún ààbò ni ó wá ń dínà mọ́ ẹni tí ó kó ilé ní òtítọ́.

4. Nígbà tí Gbòǹgbò Fúnra Rẹ̀ Ṣí

Ìbéèrè kan wà tí ẹ ó ti máa bi ara yín. Bí gbogbo ènìyàn bá ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ gbòǹgbò, ta ni yóò júwe ilé gbòǹgbò? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé abánibéèrè kọ̀ọ̀kan ní ìwé atọ́ka kékeré kan tí a kọ orúkọ gbòǹgbò mẹ́tàlá sí, láti A dé M, pẹ̀lú àdírẹ́sì wọn. Nígbà tí ó bá jí, yóò mú ọ̀kan nínú wọn, yóò sì bi í pé, “Àdírẹ́sì wo ni ẹ ń lò báyìí?” Bí ẹyọ kan bá ṣí nínú mẹ́tàlá, àwọn méjìlá yòókù yóò sọ fún un. Ní orí ìwé, ìṣípòpadà gbòǹgbò kan kò yẹ kí ó ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ mélòó kan lọ. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Kí ọdún 2002 tó parí, inú àgbègbè nọ́ńbà kan náà ni A àti J wà, 198.41.0.4 ni A, 198.41.0.10 sì ni J. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ VeriSign tí ó ń tọ́jú J gbé e lọ sí 192.58.128.30. Wọn kò ti ilé àtijọ́ pa. Wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀ tí ń dáhùn, wọ́n sì ń ka iye àwọn tí ń kànkùn. Ní ọdún 2015, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá, àwọn tí ń wá J sí ojúlé àtijọ́ kò tíì tán. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ tí J kó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré, síbẹ̀ àwọn ẹ̀rọ kan ṣì ń lọ kí i ní ilé tí ó ti fi sílẹ̀.

Ti L ni ó kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ tí ó le jù. ICANN, àjọ tí ń bójú tó ètò orúkọ àti nọ́ńbà, ni ó ń tọ́jú L. Àgbègbè nọ́ńbà tí àdírẹ́sì rẹ̀, 198.32.64.12, wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ICANN; bí ayálégbé ni L ṣe wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2007, L kó lọ sí 199.7.83.42. ICANN ṣe ohun tí ó tọ́: ó ní òun yóò máa dáhùn ní ojúlé àtijọ́ fún oṣù mẹ́fà, ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2008.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tí ń ṣọ́ ojú ọ̀nà ayélujára yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù Karùn-ún náà, wọ́n rí i pé kì í ṣe ICANN nìkan ni ó ti ń dáhùn níbẹ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2007 ni àwọn mìíràn ti ń kéde fún ayé pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ojúlé 198.32.64.12 wà, wọ́n gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, wọ́n sì ń dá àwọn tí ó bá béèrè lóhùn bí ẹni pé àwọn ni L. Nígbà tí ICANN kúrò, àwọn yẹn kò kúrò. Ológbò kò sí nílé, ilé di ilé èkúté.

Kí a má ṣe sọ ju ohun tí a rí lọ. Nínú àyẹ̀wò tí a ṣe, ìdáhùn tí ó tọ̀nà ni àwọn ẹ̀rọ náà ń fúnni, nígbà tí ọ̀rọ̀ sì di mímọ̀ fún ayé, wọ́n kó wọn kúrò láàárín oṣù Karùn-ún náà. Ohun tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù ni pé ó ṣeé ṣe. Ẹni tí ó bá jókòó sí ojúlé gbòǹgbò lè júwe ọ̀nà òdì fún ẹni tí ó bá wá bi í, àlejò kò sì ní mọ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti yé àwọn alábòójútó pé ilé tí a fi sílẹ̀ kì í ṣe ilé òfo. Níwọ̀n ìgbà tí àlejò bá ṣì ń lọ síbẹ̀, agbára wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì gba ibẹ̀ ni ó gba agbára náà.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e fi ti L ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2013, D, tí Yunifásítì Maryland ń tọ́jú, kúrò ní 128.8.10.90 lọ sí 199.7.91.13. Inú àgbègbè nọ́ńbà yunifásítì náà fúnra rẹ̀ ni ojúlé àtijọ́ wà, nítorí náà kò sí àjèjì tí yóò bọ́ síbẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa dáhùn lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí ka ìbéèrè tí ń wọlé ní ojúlé méjèèjì, ohun ìyanu ni wọ́n bá: àpapọ̀ méjèèjì pọ̀ ju iye tí ń wọlé kí D tó ṣí lọ. A retí pé ogunlọ́gọ̀ kan náà ni yóò pín sí méjì; ńṣe ni ogunlọ́gọ̀ náà pọ̀ sí i.

B ni mo fi parí apá yìí, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kan náà tí Mockapetris ti ṣe ètò DNS. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni B ti ṣí láàárín ogún ọdún: ní oṣù Kìíní ọdún 2004, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, àti ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, nígbà tí ó lọ sí 170.247.170.2. Nígbà ìkẹyìn yìí, wọ́n kéde ṣáájú, wọ́n sì ṣèlérí pé ojúlé àtijọ́ yóò máa dáhùn fún ọdún kan, ó kéré tán. Ẹ fi wé oṣù mẹ́fà ti ọdún 2007. Ogbó àti ìrírí ni ó fa ìyàtọ̀ náà.

5. Ohun tí Ìtàn Yìí Wí fún Oníkànnì Kékeré

Ẹnì kan lè ní, “Èmi kò ní gbòǹgbò, ìkànnì ilé-ìwé ni mo ní.” Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin tí ó de erin ni ó de èlírí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé-ìwé kan tí ó fẹ́ kó ìkànnì rẹ̀ lọ sínú sáfà tuntun lọ́sẹ̀ tí èsì ìdánwò yóò jáde ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ tí ó ń wá èsì rẹ̀ tí ó bá ojúlé òfo kì í ronú pé gbèdéke ni kò tíì pé. Ohun tí yóò rò ni pé wọn kò gba òun.

Èkíní, kí a wo gbèdéke tí ó wà lára orúkọ náà lónìí. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan, kí a dín in kù sí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a sì dúró ju ọjọ́ kan lọ kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ẹni tí ó dín in kù láàárọ̀ tí ó sì kó ilé lọ́sàn-án kò tíì dín nǹkan kan kù, nítorí pé àwọn tí ó bèèrè lánàá gbèdéke àná ni wọ́n gbé lọ.

Èkejì, kí sáfà méjèèjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀, kí ohun kan náà sì wà nínú wọn. Bí ìkànnì náà bá ń gba ìwé ìbéèrè tàbí owó lọ́wọ́ ènìyàn, kí ojúlé àtijọ́ má ṣe máa gba tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ohun tí a fi síbẹ̀ má baà ṣègbé. Kí ó máa ta gbogbo rẹ̀ látaré sí ilé tuntun.

Ẹ̀kẹta, kí a ṣọ́ ohun tí a fọwọ́ kọ. Ẹ rántí ìwé orúkọ Menlo Park. Ọmọ rẹ̀ kò kú. Títí di òní, fáìlì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ hosts, ohun tí a bá sì kọ sínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ sábà máa ń gbà gbọ́ ṣáájú ìdáhùn abánibéèrè. Fáìlì yìí ni àwọn oníṣẹ́ fi ń dán ilé tuntun wò kí ayé tó mọ̀ ọ́n, ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbàgbé láti pa á rẹ́, kò ní gbèdéke. Ní ọjọ́ tí ilé bá tún ṣí, ẹ̀rọ oníṣẹ́ náà nìkan ni yóò máa lọ sí ibi tí ó ti kọjá, yóò sì máa bú gbogbo ayé pé wọ́n ba nǹkan jẹ́. Bákan náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a kọ nọ́ńbà àtijọ́ fún pé òun nìkan ni kí wọ́n jẹ́ kí ó wọlé. Bákan náà sì ni ìwé-ẹ̀rí ìdánimọ̀ tí sáfà fi ń jẹ́rìí ara rẹ̀: bí kò bá bá ìkànnì dé ilé tuntun, àlejò yóò dé ẹnu-ọ̀nà, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò sì kìlọ̀ fún un pé kí ó má wọlé.

Ẹ̀kẹrin, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, kí a má ṣe yára ti ilé àtijọ́. Kí a máa ka ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí a wo àwọn tí ó ṣì ń bọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kì í ṣe ènìyàn. Àwọn ẹ̀rọ tí ń wá ohun tí wọn yóò jí kó ni. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù ní ilé tí wọ́n ti wá, a sì lè wá wọn lọ. Ìgbà tí ẹsẹ̀ àlejò gidi bá dá níbẹ̀ ni kí a tó fi sáfà sílẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ó bá wù wá láti dín owó kù. Ẹni tí yóò yá ojúlé yẹn lẹ́yìn wa, a kò mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń fún àlejò ni pé kí ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó tún un tàn, kí ó nu ìrántí rẹ̀ kúrò. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àpò ìrántí tí ó wà lọ́dọ̀ àlejò jẹ́ ọ̀kan péré nínú ọ̀pọ̀. Èyí tí ó wà lọ́dọ̀ abánibéèrè kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bí a bá ní kí ẹgbẹ̀rún àlejò lọ tún ara wọn ṣe nítorí onílé kan tí kò múra, a ti gbé ẹrù ka orí ẹni tí kò ni ín.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, a ti rìn láti ibùdó mẹ́rin ní ọdún 1969 dé àwọn gbòǹgbò mẹ́tàlá òde òní. Nígbà tí ìwé kan ṣoṣo wà, ìṣòro wa ni àwọn tí kò wá da ìwé kọ. Nígbà tí ìbéèrè rọ́pò ìwé, ìṣòro wa di àwọn tí kò gbàgbé. Ohun tí a ń pè ní àìmọ̀ nígbà náà ti di ìmọ̀ tí ó ti gbó. Méjèèjì jẹ́ ọ̀kan: kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo ayé ń gbọ́ pé a ti kó.

Onílé ní ẹ̀tọ́ láti kó. Ayé kò ní dúró lójú kan nítorí pé àwọn kan mọ ọ̀nà àná. Ṣùgbọ́n nínú àṣà wa, ẹni tí ó bá kúrò ní ilé a máa fi ẹnì kan sílẹ̀ tí yóò sọ fún àlejò pé, “Wọn kò sí níbí mọ́, ọ̀nà ibí ni kí o gbà.” VeriSign ṣe bẹ́ẹ̀ fún J, Maryland ṣe bẹ́ẹ̀ fún D. Bí àwọn tí gbogbo ayé ń bi ní ọ̀nà bá lè dúró ní ẹnu-ọ̀nà àtijọ́ fún ọdún púpọ̀, àwa tí ìkànnì wa kò ju ti ilé-ìwé kan lọ lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí ọmọ tí ó kẹ́yìn yóò fi rí èsì rẹ̀.